Ìlá, Ilá, Ilà àti Ìlà

Kò sí èdè kan tí àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í jọ ara wọn. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni wọ́n fi kọ stop, spot, post àti pots. Ipò tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà ni ó sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti èdè Yorùbá yàtọ̀ sí èyí. Gbogbo lẹ́tà lè dúró sí ipò wọn láìyẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí pé ohùn tí a fi pè é ti yí padà. Ẹni tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ kò ní rìn jìnnà. Orúkọ ìlú Ìlá Ọ̀ràngún tó fún un.

Ìlá Ọ̀ràngún jẹ́ ìlú aládé pàtàkì ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 1991, inú rẹ̀ ni Ìlá bọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìpínlẹ̀ Kwara ni Òmù-Àrán àti ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà mìíràn wà. Lẹ́tà mẹ́ta ni ó wà nínú orúkọ náà: i, l àti a. Lẹ́tà mẹ́ta yìí kan náà ni ó wà nínú ilá tí àgbẹ̀ ń gbìn, tí ìyàwó ilé sì ń rẹ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn náà ni ó wà nínú ilà tí àwọn olóòlà ń kọ sí ojú ènìyàn láyé àtijọ́, àti nínú ìlà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi rúlà fà sínú ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ àmì kúrò lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ojú yóò máa rí.

Ohùn mẹ́ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í sábà fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ohùn méjì ni i lè gbà, ohùn mẹ́ta ni a lè gbà, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀nà mẹ́fà. Mẹ́rin nínú mẹ́fà yìí ni ìlú, ewébẹ̀ ọbẹ̀, àmì ojú àti ohun tí rúlà ń fà ti pín láàárín ara wọn.

Àmì abẹ́ lẹ́tà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí a gbà pé bàbá kan ní Ìlá fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Ra oko fún mi,” láìfi àmì kankan sí i. Kí ni ọmọ náà yóò rà? Oko ni ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń dá. Ọkọ́ ni ohun èlò tí ó fi ń ro ó. Ọkọ̀ ni èyí tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò. Ọ̀kọ̀ sì ni ohun ìjà àwọn jagunjagun. Owó díẹ̀ ra ọkọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè gbé èrè iṣẹ́ oko ọdún mẹ́wàá lọ. Aáwọ̀ lè ti ibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Orúkọ oyè ọba Ìlá pàápàá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan náà. Ọ̀ràngún wà lára àwọn ọba aládé tí ìtàn sọ pé wọ́n jẹ́ ọmọ Odùduwà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan so orúkọ náà mọ́ gbólóhùn yìí: “Ọ̀ràn mi gún,” èyí tí í ṣe pé ọ̀ràn mi tọ́, kò wọ́. Ohùn òkè ni ó wà lórí gún. Ẹni tí ó bá fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é ti sọ pé ọ̀ràn náà gùn, pé kò ní tán bọ̀rọ̀. Àmì kékeré kan ni ó wà láàárín ọ̀ràn tí ó tọ́ àti ọ̀ràn tí kò tán.

Àwọn onílù ti mọ iyì ohùn kí ìwé tó dé. Bí onídùndún bá fún ọṣán mọ́ra, ohùn a lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ohùn ọ̀rọ̀ púpọ̀ bá ara mu, kì í lu ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kí ó dákẹ́. Oríkì gígùn ni ó ń lù, kí ẹni tí ó ń kì lè mọ̀ pé òun ni. Ìlù ní ohùn, kò ní lẹ́tà. Ìwé tí kò ní àmì ní lẹ́tà, kò ní ohùn.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ èdè yìí di kíkọ sílẹ̀ bá ìṣòro náà pàdé. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875 ni wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ bá lè rú òǹkàwé lójú nìkan ni wọ́n ń fi àmì ohùn sí. Ní 1974, ìjọba fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Òun ni ó sọ aiye di ayé, tí ó sì sọ enia di ènìyàn.

Àwọn kan a máa wí pé òǹkàwé yóò ti inú ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká mọ èyí tí ó tọ́. Òtítọ́ wà nínú èyí nígbà tí gbólóhùn bá gùn. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú lórí pátákó kò ní ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kúkúrú tí wọ́n ń fi tẹlifóònù kọ ránṣẹ́ lónìí. Ọmọ Ìlá tí ó bá rí ILA lójú ọ̀nà yóò pè é bí ó ti yẹ, nítorí pé etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ láti kékeré. Àlejò, tàbí ọmọ Ìlá tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, lè kà á sí ilá ọbẹ̀. Nítorí wọn ni àmì ṣe wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kà á sí ohun ọ̀ṣọ́ tí ènìyàn ń fi sí i bí àyè bá wà, nítorí pé ẹni tí ó fi àmì sílẹ̀ kò tíì kọ ọ̀rọ̀ náà tán.