Owó dánfó ní Ìyànà-Ìbà àti owó kánsù tí kò hàn sí wa

“Owó dà?” Kọ̀ndọ́ dánfó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ gáréèjì kí ọkọ̀ tó dúró tán ní Ìyànà-Ìbà. Ọkọ̀ tó gbéra ní Òkokomaikò lọ sí Mile 2 lè san án ní gáréèjì tó ti kó èrò, kó tún san án níbi tó ti já wọn sílẹ̀, kí ọlọ́pàá ẹ̀bá títì sì tún na ọwọ́ tirẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó bá ṣagídí, wọ́n á yọ wáípà rẹ̀ tàbí kí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó yẹn kì í sì í ṣe owó dẹ́rẹ́bà. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU àti oníṣòwò Alábà ló ń san án mọ́ owó ọkọ̀, ẹni tó sì ra tòmátì lọ́jà ń san tirẹ̀ láì mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ìwà àjẹbánu bá dé, Àbújá ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ: mínísítà, bílíọ̀nù, EFCC. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Ìgbó-Elérin ní Ọ̀jọ́ kò ní láti rìn jìnnà kó tó rí bí nǹkan yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí kékeré rẹ̀ àti ńlá rẹ̀ pàdé láàárín gáréèjì àti ọ́fíìsì kánsù.

Kékeré náà kò tilẹ̀ kéré. Nínú ìwádìí tí NBS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìṣirò, ṣe pẹ̀lú UNODC ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2024, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 721 bílíọ̀nù náírà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà fi san rìbá fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní 2023. Tí a bá pín in, rìbá kan jẹ́ nǹkan bí 8,284 náírà. Owó ọlọ́pàá wà nínú rẹ̀, ti ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ti ọ́fíìsì ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ti ọmọ gáréèjì kò sí nínú rẹ̀, torí pé òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba.

Oríṣi àjẹbánu mìíràn kì í béèrè “Owó dà?” rárá. Agbaṣẹ́ṣe á bu owó lé iye tí gọ́tà yóò jẹ, wọn yóò sì pín àbùlé náà. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tí kò sí láyé sínú ìwé owó oṣù. Ọmọ ọ̀gá á gba iṣẹ́, ẹni tó yege ìdánwò á máa wò. Olùkọ́ á ta máàkì. Gbogbo èyí ni a ti ń gbọ́ tipẹ́. Ní January 1966, nígbà tí Mejọ Nzeogwu ń ṣàlàyé lórí rédíò ìdí tí àwọn ológun fi gbàjọba, ara ẹ̀sùn tó kà sí àwọn olóṣèlú lọ́rùn ni gbígba ìdá mẹ́wàá lórí iṣẹ́ ìlú.

Ọ̀rọ̀ gáréèjì ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni okùn ti so pọ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, ka iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe. Ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò wà nínú rẹ̀: kánsù ni kó dá wọn sílẹ̀, òun ni kó máa tọ́jú wọn, kó sì máa ṣàkóso wọn. Nípa òfin, owó tó bá yẹ ká gbà ní gáréèjì Ìyànà-Ìbà, owó ìlú ni. Ó yẹ kó ní rìsíìtì, kó wọ báǹkì, kó sì padà wá di iná, omi àti ibi tí èrò lè jókòó sí. Àmọ́ ẹni tí ọkọ̀ ń bá pàdé níbẹ̀ kì í ṣe akọ̀wé kánsù, ọmọ gáréèjì ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ìjọba Èkó bá àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ṣe àdéhùn pé 800 náírà péré ni ọkọ̀ èrò kọ̀ọ̀kan yóò máa san lóòjọ́. Kí ọdún yẹn tó parí, ní 31 October, àwọn dẹ́rẹ́bà dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn láti gáréèjì dé gáréèjì kò dínkù. Ọ̀pọ̀ èrò fẹsẹ̀ rìn. Àwọn dẹ́rẹ́bà kò kọ̀ láti san owó ìlú. Owó tí kò níye tí kò sì lópin ni wọ́n kọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo owó tí Àbújá ń fi ránṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin kà fún Èkó. Ní 2003, Gómìnà Bọ́lá Tinubu fi 37 kún un, àwọn kánsù tuntun tí wọ́n wá ń pè ní LCDA; ibẹ̀ ni ti Ìbà àti ti Ọ̀tọ̀-Àwórì ti yọ jáde lára Ọ̀jọ́. Ààrẹ Ọbásanjọ́ bínú, ó dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní 2004. Ní December ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé Ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó náà dúró, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kánsù tuntun náà kò tíì pé lójú òfin títí tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí wọn. Ìgbà tí Yar’Adua dé ní 2007 ni ó tó ní kí wọ́n tú owó náà sílẹ̀. Títí di òní, owó tó ń wá lórúkọ Ọ̀jọ́ ni wọ́n fi ń bọ́ mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, inú àpò àpapọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣàkóso ló máa ń gbà kọjá. Ní 11 July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé tààrà ni kí owó máa lọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìmúṣẹ rẹ̀ falẹ̀ gidigidi.

N kò wí pé alága kánsù kan jalè. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ń gbé Ìgbó-Elérin kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó jẹun. Láti 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iye tó kàn ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde fún aráyé. Èyí tó wọlé, a lè kà á. Ohun tí wọ́n fi ṣe ni a kì í rí kà.

Nítorí náà, àwọn onílé ń dáwó ní ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, láti ra taransifọ́mà, wọ́n ń da òkúta sí kòtò, wọ́n ń san owó ọdẹ. Agboolé tó ti san owó-orí, tó ti san ti gáréèjì mọ́ owó ọkọ̀, á tún san kí òjò má bàa wọlé bá a. Olówó lè fara dà á. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì kò lè fara dà á.

Wọ́n máa ń ní ìṣẹ́ ló fà á. Ìṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́: ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó oúnjẹ á wá ibi tí yóò ti gbà á. Ṣùgbọ́n ebi kọ́ ló ń bu owó lé iye gọ́tà. Ohun tó ń mú un le, lójú tèmi, ni pé ẹni tó ń gbà nísàlẹ̀ ń jíṣẹ́ fún ẹnì kan lókè, ẹni òkè sì nílò àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ nígbà ìbò. Tí a bá mú ọmọ gáréèjì kan lónìí, òmíràn á dúró níbẹ̀ lọ́la.

Orílẹ̀-èdè Uganda ti dán nǹkan kan wò. Nígbà tí àwọn oníwádìí tọpa owó tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárín 1991 sí 1995, nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 péré ló dé ilé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ àgbègbè ni ìyókù há sí. Ìjọba wá ń tẹ iye owó náà sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé ẹ̀kọ́ lẹ iye tó dé ọwọ́ wọn mọ́ ara ògiri, níbi tí òbí ti lè kà á. Nígbà tó fi máa di 2001, ó ti lé ní ìdá 80 tó ń dé. Ètò ẹ̀kọ́ wọn yí padà ní oríṣiríṣi ọ̀nà lásìkò kan náà, ìwé ara ògiri nìkan kọ́ ló ṣe é. Síbẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti mọ iye tó tọ́ sí i lè béèrè rẹ̀.

Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀. Ní May 2011 ni Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jiyàn pé kò kan àwọn, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní April 2025 pé gbogbo ìpele ìjọba ló kàn. Ẹgbẹ́ CDA kan ní Ìgbó-Elérin lè kọ̀wé sí kánsù Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Ọ̀tọ̀-Àwórì láti béèrè iye tó wọlé lóṣù tó kọjá, agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ gọ́tà, àti iye tí wọ́n rí gbà ní gáréèjì. Kò di dandan kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni òfin fún kánsù láti fèsì.