Ọyẹ́ ní Warri: Òwúrọ̀ Àgbà láti Oṣù Ọ̀pẹ dé Èrèlè

Òjò ló ni Warri. Èyí tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 2,500 mílímítà lọ, ó sì tó bí ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Láti Ẹrẹ́nà títí wọ Bélú, ẹrẹ̀ á gba ọ̀nà oko, àgbàlá á máa yọ̀, àgbà tí orúnkún ń dùn á sì di ará inú ilé. Ọyẹ́ ló ń tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹ̀yìntì, tó sì fẹ́ máa gbé abúlé, àsìkò kúkúrú yìí ni kó fi ṣe orí ọdún tirẹ̀: kó gbé iṣẹ́, ìrìn àti ìbẹ̀wò tí òjò kì í gbà sínú rẹ̀.

Bí ọyẹ́ ṣe ń dé

Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Púpọ̀ nínú eruku tó ń kó bọ̀ jẹ́ ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Ní Kánò, ọyẹ́ lè jókòó fún oṣù mélòó kan. Warri sún mọ́ òkun, afẹ́fẹ́ olómi láti gúúsù kì í sì í jẹ́ kó jókòó pẹ́: á dé, á lọ, á tún padà. Ní ìdájí tó tutù jù, ìwọ̀n ooru sábà máa ń wà láàárín 20 sí 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá di ọ̀sán, á ti kọjá 30. Nítorí náà, òwúrọ̀ nìkan ni adùn ọyẹ́ wà.

Àkókò oòrùn ní Warri (ó lè fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì yàtọ̀)

1 Ọ̀pẹ: ó yọ ní 6:31, ó wọ̀ ní 6:21
21 Ọ̀pẹ: ó yọ ní 6:41, ó wọ̀ ní 6:29
1 Ṣẹ́rẹ́: ó yọ ní 6:46, ó wọ̀ ní 6:34
31 Ṣẹ́rẹ́: ó yọ ní 6:54, ó wọ̀ ní 6:47
28 Èrèlè: ó yọ ní 6:49, ó wọ̀ ní 6:50

Ọjọ́ tí ojúmọmọ rẹ̀ kúrú jù ni 21 Ọ̀pẹ, síbẹ̀ ìparí Ṣẹ́rẹ́ ni oòrùn máa ń pẹ́ yọ jù. Àgbà tí oorun ti dá lójú láago márùn-ún á rí wákàtí kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oòrùn tó yọ. Ẹ fi àkókò yẹn gbàdúrà, ẹ fi gbọ́ rédíò, ẹ fi mu nǹkan gbígbóná. Kí ẹ tó tọ ọ̀nà oko, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa.

Ẹni tó fi ọyẹ́ ṣiṣẹ́

Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Agbarha-Otor nítòsí Ughelli ní 1932, kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's ní Èkó láti 1963 títí di 1980. Òun ló ya àwòrán inú ìwé tí Wọlé Ṣóyínká fi túmọ̀ *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti Fágúnwà; ìtumọ̀ náà jáde ní 1968. Ní 1998, nígbà tí ẹlòmíràn ní ọjọ́ orí rẹ̀ ń wá ibi ìsinmi, ó dá Harmattan Workshop sílẹ̀ ní abúlé rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà, ọmọdé àti àgbà, máa ń kóra jọ síbẹ̀ láti gbẹ́ òkúta, láti fi awọ ṣiṣẹ́, láti yàwòrán, láti rọ idẹ. Ọyẹ́ ló fi sọ iṣẹ́ náà lórúkọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń padà sábúlé wò ó dáadáa: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ a máa súni tí ọwọ́ bá ṣófo.

Iṣẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan

*Ọ̀pẹ.* Omi ti ń fà, ọ̀nà ti ń gbẹ, ẹja inú adágún ti ń yá láti kó. Àwọn ọmọ á máa bọ̀ nílé fún Kérésìmesì. Ẹ ti kọ iṣẹ́ tó gba agbára sílẹ̀ dè wọ́n: páànù tó ń jò, kànga, ọgbà tó ti wó.

*Ṣẹ́rẹ́.* Agbálùmọ̀ ti dé ọjà. Igi rọ́bà ń wọ́wé, ẹni tó ń kọ ọ́ á sì sinmi kí ewé tuntun tó gbó. Oṣù ìṣánko nìyí. Ẹ má ṣe dáná sun igbó lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́.

*Èrèlè.* Ẹyìn ọ̀pẹ ti ń pọ́n lọ́pọ̀. Ẹ ṣa igi ẹ̀gẹ́ tó dára sọ́tọ̀, kí òjò àkọ́rọ̀ má bàa bá yín lójijì.

Oúnjẹ òwúrọ̀

Ukodo ni àwọn Urhobo fi ń lé òtútù: iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹran ewúrẹ́ pẹ̀lú ata, èèrù àti aríwó. Sitáàshì àti ọbẹ̀ bángà wúwo. Ọ̀sán ni kí ẹ fi sí.

Ìtọ́jú ara

Bí a ṣe ń dàgbà, òùngbẹ kì í tètè gbẹ wá mọ́, nítorí náà ẹ máa mu omi kó tó gbẹ yín. Ẹ fi òrí tàbí àdín para nígbà tí omi ìwẹ̀ kò tíì gbẹ tán lára. Òtútù lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, ẹ má sì fo oògùn. Ẹni tó ní ikọ́ fée kó bo imú lọ́jọ́ tí eruku bá pọ̀. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tí ẹ tì pa: afẹ́fẹ́ tó ń tinú rẹ̀ jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti lé ní 65 fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ti kájú rẹ̀.

Ìbẹ̀wò

Ẹ lè wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ode-Itsekiri, níbi tí wọ́n ti dé Olú Warri, Ogiame Atuwatse III, ládé ní 21 oṣù Ògún 2021. Kùrukùru máa ń bo odò láàárọ̀. Ẹ dúró kó ká kí ẹ tó wọkọ̀. Ní Abraka, omi odò Ethiope tó ti Umuaja ṣàn wá mọ́ gaara.

Kí ẹ tó kó ẹrù

Òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìntì ní ẹni ọdún 60 tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Òfin 2022 ti sún ti olùkọ́ sí 65. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ lo ọyẹ́ kan gbáko lábúlé tí ẹ ń wò. Lẹ́yìn náà, ẹ padà síbẹ̀ ní oṣù Agẹmọ, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́sàn-án lóru, kí ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ ṣì lè gbé yín dé ilé ìwòsàn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má ta ilé Warri: ẹ máa fi ọyẹ́ gbé abúlé, kí ẹ sì padà sílùú kí òjò tó dé.