Àrùn Ọkàn Àbímọ́ni àti Ìdàgbàsókè Ọpọlọ Akẹ́kọ̀ọ́

Nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, nǹkan bíi 8 ni ọkàn wọn ní àlébù láti inú oyún. Ilé-ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà wà lára ibi tí a ti ń tọ́jú wọn ní agbègbè Mushin àti Sùúrùlérè. Ṣùgbọ́n àlébù yìí kì í mọ sí àyà nìkan. Bí ó bá le, ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ kò tó ni ó ń dé ọpọlọ ọmọ nínú oyún, débi pé ọpọlọ ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé lè rí bíi ti èyí tí a bí ní oṣù kan ṣáájú àkókò.

Iṣẹ́ abẹ lè tún ọkàn ṣe. Kò lè dá àkókò yẹn padà. Àmì rẹ̀ lè fara sin títí di kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá le sí i: ọmọ ń gbàgbé ohun tí a ní kí ó ṣe, ìkọ̀wé rẹ̀ ń falẹ̀, kò lè pọkàn pọ̀. Ọ̀lẹ ni wọ́n sábà ń pè é, bí ẹni pé pàṣán ni oògùn rẹ̀.

Ní ọdún 2012, American Heart Association dámọ̀ràn pé kí a máa yẹ ìdàgbàsókè irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà. Níbi tí àyẹ̀wò kò bá ti sí, àkíyèsí tí olùkọ́ kọ sílẹ̀, tí òbí sì mú tọ dókítà lọ, lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.