Àpò Ta Ni Owó Ìsinmi Abiyamọ Yóò Ti Wá?

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, kò sí ìwé òfin kan tí ó kọ́ àwọn ará Èkìtì, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, pé obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi. Síbẹ̀, ó ń sinmi. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò di ẹrù wá sí ilé ọlọ́mọ tuntun, tí yóò máa gbé omi kaná láàárọ̀ lálẹ́, tí yóò fi wẹ ìkókó, tí yóò ti aṣọ bọ omi gbígbóná láti fi tẹ ikùn ìyá ọmọ, tí yóò sì máa po ẹ̀kọ fún un kí omi ọyàn lè pọ̀. Bí ogójì ọjọ́ kò bá sì tíì pé, ta ni yóò bi í léèrè oko tàbí ọjà? Àwọn ará ilé ti pín iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín ara wọn, nítorí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọ̀làjú dé, iṣẹ́ olówó oṣù dé. Ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Ado-Èkìtì lónìí, níbi tí ilé-ìwé aládàáni, ilé òògùn, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé epo wà káàkiri, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó jẹ́ pé owó tí wọ́n ń gbà ní ìparí oṣù ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń san owó ilé. Ìyá àgbà ṣì lè wọkọ̀ láti Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé wá wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè dúró ní kíláàsì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, kò sì lè gba owó oṣù ọmọ rẹ̀ wá fún un. Nítorí èyí ni ìjọba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe sọ ohun tí agbo ilé ń fi ìfẹ́ ṣe di ohun tí òfin ń pa láṣẹ, tí a ń pè ní ìsinmi ìbímọ. Ọ̀rọ̀ iye ọjọ́ ìsinmi ni àwọn ènìyàn máa ń sọ jù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀ràn náà ni ti owó: nígbà tí abiyamọ bá wà nílé, àpò ta ni owó rẹ̀ yóò ti wá?

Ohun tí òfin Nàìjíríà wí

Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́, tí ìjọba ológun ṣe ní àwọn ọdún 1970, là á mọ́lẹ̀ pé aboyún tí ó bá mú ìwé dókítà wá, tí ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi; àti pé lẹ́yìn tí ó bá bímọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ títí ọ̀sẹ̀ 6 mìíràn yóò fi kọjá. Bí ó bá ti lo oṣù 6 gbáko lẹ́nu iṣẹ́ náà kí ó tó lọ, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ san owó tí kò dín sí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Nígbà tí ó bá padà, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti fún ọmọ lọ́yàn. Bí àìsàn tí oyún tàbí ìbímọ fà bá sì dá a dúró pẹ́ sí i, tí dókítà jẹ́rìí sí i, wọn kò gbọdọ̀ fún un ní ìwé gbélé-ẹ nígbà tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi owó ṣírò rẹ̀. Láti ọdún 2024, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ni 70,000 náírà. Obìnrin tí ó ń gba iye yìí lè máa rí 35,000 náírà péré lóṣù, ní àkókò tí ẹnu tí ó ń bọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọ̀kan sí i, tí ọṣẹ, Pampers àti owó ọkọ̀ sí ilé-ìwòsàn sì ń dúró dè é.

Nǹkan ṣẹnuure díẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀sẹ̀ 16 ni òṣìṣẹ́ obìnrin ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń lò, tí owó oṣù rẹ̀ sì ń wọlé pé pérépéré. Láti oṣù November 2022 ni bàbá ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pàápàá ti ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà Gómìnà Fáṣọlá, ní ọdún 2014, fa tirẹ̀ gùn dé oṣù 6 fún ìbí méjì àkọ́kọ́. Oṣù 6 yìí ní ìdí: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmọ ọyàn kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun, kò gbọdọ̀ mu omi pàápàá, yàtọ̀ sí ọmú ìyá rẹ̀, títí yóò fi pé oṣù 6. Nínú ìwádìí ìlera ilé dé ilé tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018, ìdá 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó rí ọmú nìkan mu. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were. Ṣùgbọ́n báwo ni etí rẹ̀ yóò ṣe gbọ́ ọ, bí òun bá wà ní ìdí kántà láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀?

Ohun tí wọ́n yọ kúrò

Ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú, ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì fún ọmú: ọwọ́ wa kọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ jáde. Ìlú Washington ni wọ́n ti kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọdún 1919, nígbà tí àjọ ILO, tí ó ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ṣe ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ìwé Washington náà tí kò sí nínú òfin tiwa. Ìwé náà ní kí owó tí abiyamọ yóò máa jẹ ti àpò ìjọba wá, tàbí láti inú owó adójútòfò tí a dá jọ. Òfin Nàìjíríà gba iye ọ̀sẹ̀, ó gba àkókò ọmú, ó wá gbé owó lé agbanisíṣẹ́ nìkan lórí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ni ilé-ìwé kékeré, tí olùkọ́ rẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ, tí méjì nínú wọn sì lóyún lẹ́ẹ̀kan náà, yóò san ìdajì owó fún àwọn tí ó wà nílé, yóò tún san odindi fún àwọn tí yóò dípò wọn. Kò ní pẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi máa bi ọmọbìnrin tí ó wá iṣẹ́ wá pé, “Ṣé o ti lọ́kọ? Ìgbà wo lo fẹ́ bímọ?” Èyí tí ó gbọ́n féfé nínú wọn yóò sọ fún aboyún pé, “Lọ bímọ ná, àǹtí. Bí àyè bá ṣì wà, a ó pè ọ́.” A kò dá wọn láre, nítorí òfin ni òfin í jẹ́, ṣùgbọ́n òfin tí ó mú kí ire abiyamọ di àdánù ọ̀gá rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò tí abiyamọ yóò jìn sí.

Ẹjọ́ ọlọ́pàá Iye-Èkìtì

Kì í ṣe aládàáni nìkan ni ó ń gbé ẹrù oyún lé orí kan ṣoṣo. Ní oṣù January 2021, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá lé ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Iye-Èkìtì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ó lóyún nígbà tí kò tíì lọ́kọ. Ìlànà 127 nínú ìlànà ọlọ́pàá ọdún 1968 ni wọ́n tẹ̀ lé, èyí tí kò ní ohunkóhun láti sọ nípa ọlọ́pàá ọkùnrin tí ó bá fún ọmọbìnrin lóyún. Ọláwálé Fápohùndà, tí ó jẹ́ Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìdájọ́ ní Èkìtì nígbà náà, pe ìlànà yìí lẹ́jọ́. Ní oṣù January 2023, Ilé-Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí ó jókòó ní Àkúrẹ́ wọ́gi lé e, ó ní ó lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 5 náírà fún obìnrin náà. Ọmọ ẹni méjì ni ọmọ. Kò tọ́ kí ìyà rẹ̀ jẹ́ ti ẹnìkan.

Bí àwọn ará wa ní Benin ṣe ń ṣe é

Ẹ jẹ́ kí á kọjá ibodè sí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn ọmọ Oòduà wà lábẹ́ ìjọba Benin. Ọ̀sẹ̀ 14 ni òfin fún abiyamọ tí ó ń ṣiṣẹ́ oṣù níbẹ̀, owó rẹ̀ sì pé: àpò adójútòfò òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CNSS san ìdajì, agbanisíṣẹ́ san ìdajì. Bákan náà ni ti Togo. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti dá àjọ rí: gbogbo ọ̀gá, àti ẹni tí ó ní òṣìṣẹ́ obìnrin àti ẹni tí kò ní, ń dá owó sí àpò kan, ẹni tí ó bímọ ni ó ń kó o. Nígbà tí ó rí bẹ́ẹ̀, oyún kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo lọ́rùn ilé-iṣẹ́ kankan mọ́.

Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọmọ Èkìtì wà, abiyamọ lè gba owó fún ọ̀sẹ̀ 39. Ọ̀gá ni ó ń san án, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni ìjọba ń dá padà fún un. Amẹ́ríkà, pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀, kò dé ibẹ̀: òfin àpapọ̀ ọdún 1993 fún abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ 12 láìsí kọ́bọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan, bíi California àti New York, ti dá àpò tiwọn sílẹ̀.

Ọ̀nà ti là

A kò ní láti wá ọgbọ́n yìí lọ sí ìdálẹ̀. Láti ọdún 2010 ni òfin ti ní kí agbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà máa dá ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò kan tí a ń pè ní NSITF, kí ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìrànwọ́. Ọ̀nà ti là. Ìbímọ ni kò tíì sí lára ohun tí wọ́n ń fi àpò náà ṣe. Bí a bá fi kún un, tí ìdá tí wọ́n ń dá sì gòkè díẹ̀, ilé-ìwé kékeré ní Adébáyọ̀ kò ní máa sá fún aboyún mọ́. Bí a bá sì ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ìyá tí ń tajà ní Ọjà Ọba, tí òfin iṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, àwọn náà yóò lè dá tiwọn, wọn yóò sì kó o lọ́jọ́ tí wọ́n bá bímọ. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Títí ọjọ́ náà yóò fi dé, ẹ̀yin aboyún tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà kí oṣù yín tó pé, ẹ fún ọ̀gá yín ní ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ìdajì owó yẹn kì í ṣe àánú, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ̀yin aṣòfin wa, ọmọ tí abiyamọ ń bí, gbogbo ìlú ni yóò sìn. Ó yẹ kí gbogbo ìlú dá sí owó ìsinmi ìyá rẹ̀.