Ṣé o mọ̀? Olùkọ́ orin Ọbabìnrin Victoria

Apanilẹ́rìn-ín ló kọ́ Ọbabìnrin Victoria lórin kíkọ. Luigi Lablache ni, ọmọ Naples ní Ítálì, akọrin báàsì tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi gbẹ̀du. Ọdún 1836 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, kí ọmọbìnrin náà tó gorí oyè. Ní Paris lọ́dún 1843, òun ló kọ́kọ́ ṣe Don Pasquale nínú eré olórin tí Donizetti kọ: arúgbó olówó tó ní ọmọge lòun máa fẹ́, tí wọ́n sì fi ìyàwó èké dá a lágara. Ẹ̀yin oníbáàsì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wá Don Pasquale gbọ́. Ẹ̀rín pọ̀ nínú ohùn yín. Etí Victoria tí Lablache tọ́ yìí kan náà ló gbọ́ Àdúrà Olúwa lédè Yorùbá lẹ́nu Àjàyí Crowther, ní ààfin Windsor, lóṣù kọkànlá ọdún 1851.