Orúkọ Ajá Nínú Ère àti Àwòrán

Odò Ọya tí a fi sọ Ìpínlẹ̀ Niger lórúkọ, èyí tí Minna jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni a tún fi sọ ọ̀wọ́ ère idẹ kan lórúkọ. William Fagg, onímọ̀ iṣẹ́-ọnà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó pe àwọn ère wọ̀nyí ní iṣẹ́ idẹ Ìsàlẹ̀ Odò Ọya, nítorí pé ọwọ́ tí ó dà wọ́n yàtọ̀ sí ti Ifẹ̀ àti ti Ìbíní. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdẹ kan ni. Ó gbé ẹran ìgbẹ́ tí ó pa kọ́ èjìká, ajá rẹ̀ sì wà ní ẹ̀bá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ajá yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ajá ni ó ń gbóòórùn ẹran, òun ni ó ń lé e jáde nínú igbó, òun náà ni í mọ ọ̀nà ilé bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí a bá yọ ọ́ kúrò lára ère náà, ìdajì iṣẹ́ ọdẹ ni a yọ kúrò.

Ní Yúróòpù, ipò olówó ajá ni ajá sábà máa ń fi hàn. Nínú àwòrán tọkọtaya Arnolfini tí Jan van Eyck kùn ní 1434, ajá kékeré kan dúró níwájú wọn. Àwọn onímọ̀ kan ní àmì òtítọ́ láàrin lọ́kọláya ni, àwọn mìíràn ní ọrọ̀ lásán ni ó ń fi hàn. Ní 1533, Titian ya Charles Karùn-ún, ọba Sípéènì, pẹ̀lú ajá ọdẹ gàgàrà kan. Ti William Hogarth ní 1745 ni ó yani lẹ́nu jù: ó ya ara rẹ̀ bí àwòrán tí ó wà nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ajá rẹ̀ ni ó yà bí alààyè tí ó jókòó níwájú. Trump ni orúkọ ajá náà, a sì mọ̀ ọ́n títí di òní.

Orúkọ yìí gan-an ni ajá ti Odò Ọya kò ní. Kò sí ẹni tí ó lè sọ dájúdájú ìlú tí a ti dà á. Ṣùgbọ́n láàrin Yorùbá, orúkọ ni ọ̀rọ̀ ajá wà. Ẹni tí aládùúgbò ń halẹ̀ mọ́ lè sọ ajá rẹ̀ ní Tańtólọ́run. Nígbàkúùgbà tí ó bá pe ajá wá jẹun, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò gbọ́, kò sì ní rí ohun tí yóò fi dá a lóhùn, nítorí pé ajá ni a pè. Ìjà odidi agbolé lè wà nínú orúkọ kan ṣoṣo. Kò sí ọ̀dà tàbí idẹ tí ó lè gbé ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ère kò gbé e: “ọdẹ àti ajá” ni yóò kọ, yóò sì dákẹ́.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu ọdẹ ní láti béèrè orúkọ ajá rẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì rọra wádìí ẹni tí a torí rẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdẹ lè rẹ́rìn-ín ná kí ó tó dáhùn.