Ìwé Ìsàmì Kò Mọ Oríkì

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ wọ ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gba orúkọ tí a kò wo ilé kí a tó fún wọn.

Ẹ wo Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, tí ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1897. Hastings, ní Sàró, ni a bí i sí ní ọdún 1846. Ẹni tí ó bá fi ‘Johnson’ nìkan wá orírun rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò forí lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, Erugunjinmi ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, àtọmọdọ́mọ Aláàfin Abíọ́dún sì ni wọ́n.

Nínú ìwé ìsàmì Áńgílíkà ni a ti lè rí orúkọ ọmọ, ti òbí rẹ̀, ibùgbé wọn àti ọjọ́ ìsàmì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi, dé ní ọdún 1855, ọ̀tọ̀ ni ti ibẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kì í tẹ ọmọ ọwọ́ bọmi; ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni. Ìwé wọn kì í ṣe ìwé ìbí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré nígbà tí ìgbéyàwó bá dé. Bí ọmọ ìyá méjì bá wà, tí ọ̀kan ní Ọ̀yọ́ fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ìdílé, tí èkejì ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi orúkọ ìsàmì ṣe tirẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ wọn lè pàdé bí àjèjì, kí wọ́n sì fẹ́ra. Ìwé kò ní kìlọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ki àwọn méjèèjì ní ọmọ Oníkòyí, yóò béèrè agboolé. Orílẹ̀ kan náà kò sọ pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Ó kàn ń fi ibi tí ìbéèrè yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn ni.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ wádìí kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí ó dàgbà jù nínú ẹbí. Kí ó béèrè orúkọ àbísọ àwọn baba ńlá, oríkì, orílẹ̀, agboolé àti èèwọ̀, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀, kí ó tó lọ bẹ ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n ṣí ìwé fún òun. Ìwé lè dúró dè é di ọdún tí ń bọ̀. Àgbà lè má dúró.